Bẹ́tà wa dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì tuntun: àìsàn ni, àbí omi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bẹ̀ mí fún ẹja títí mo fi ra bẹ́tà aláwọ̀ búlúù kan fún un. Apá gúúsù London ni à ń gbé. Táńkì oní-lítà mẹ́wàá ni mo rà pẹ̀lú asẹ́ omi kékeré kan. Mo fọ̀ ọ́, mo bu omi ẹ̀rọ sí i, mo jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, mo sì da ẹja náà sínú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kọkànlá rèé. Láti ìjẹta ni ó ti dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó pa lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra bí agboòrùn tí a pa dé, kò jẹun mọ́, àwọ̀ búlúù rẹ̀ sì ti ń di eérú. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Mo gbé díẹ̀ nínú omi náà lọ sí ilé ìtajà, wọ́n ti bébà kan bọ̀ ọ́, wọ́n ní kò sí ìṣòro. Àbúrò mi ní Ṣàgámù ní kí n já kápúsù tetracycline kan sí i. Aládùúgbò mi ní iyọ̀ ni. Ẹlòmíràn ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan rárá. Àìsàn wo nìyí, oògùn wo ni kí n rà?

*

Ẹ má tíì ra oògùn kankan, ìyá ẹlẹ́ja. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kì í ṣe lẹbẹ tí ó pa mọ́ra ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró bí kò ṣe ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, àti òru kan ṣoṣo tí omi fi dá wà nínú táńkì kí ẹja tó wọ ibẹ̀. Bí bẹ́tà bá wọ táńkì tuntun, tí òjòjò sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, omi ni mo máa ń mú ní ọ̀daràn kí n tó yíjú sí kòkòrò àrùn, n kì í sì í sábà ṣì í mú.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ẹja kì í jáde lọ tọ̀; inú omi tí ó ń mí náà ni gbogbo ẹ̀gbin rẹ̀ ń dà sí. Amóníà ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀gbin yìí, ibi tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń gbà jáde. Oúnjẹ tí kò jẹ tán tí ó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń fi kún un. Nínú táńkì tí ó ti gbó, àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fóòmù asẹ́ àti òkúta wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí a sì ń fi pípààrọ̀ omi dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gba àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ti yín kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Inú ilé tí kò tíì ní ṣáláńgá ni ẹja yín ń gbé.

Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ bá mi ra ohun ìdánwò amóníà olómi, èyí tí wọ́n ń kán sínú ìgò tín-ín-rín, kí ẹ sì wọn pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ti témómítà bọ omi ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ilé bá tutù jù. Ẹ jókòó síwájú táńkì láìkan gíláàsì, kí ẹ wo bí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà ṣe ń ṣí tí ó sì ń pa, bóyá wọ́ọ́rọ́ ni tàbí kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lára láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi: àmì tótòtó funfun bí hóró iyọ̀, eruku tí ń dán bíi wúrà, nǹkan bí òwú, ìpẹ́ tí ó là sókè bí èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tàbí kò sí nǹkan kan. Kí ẹ sì sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ ń fún un lóúnjẹ lójúmọ́? Lónìí, ẹ má fún un ní ohunkóhun. Ebi ọjọ́ méjì mẹ́ta kì í pa bẹ́tà.

*

Nípa bébà tí wọ́n tì bọ omi yín: mi ò sọ pé ẹni tí ó tì í bọ̀ ọ́ parọ́. Ọ̀pọ̀ irú bébà bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọn pH, líle omi, náítíráìtì àti náítíréètì, tí kò sì ní ojú kankan fún amóníà. Ní ọjọ́ kọkànlá, náítíráìtì lè má tíì yọjú rárá, nítorí pé àwọn bakitéríà tí ń ṣe é kò tíì pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó wo bébà náà rí òdo níhìn-ín, ó rí òdo lọ́hùn-ún, ó sì ní omi dára. Nínú táńkì tí ẹja ti ń jẹ tí ó sì ń yà fún ọjọ́ mọ́kànlá, òdo méjì yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó kọ ni lóminú, nítorí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbin náà kò tíì kúrò ní ipò àkọ́kọ́.

Kí a sì fi ọ̀rọ̀ "omi mọ́ gaara" sílẹ̀. Amóníà kò ní àwọ̀. Bí ó bá tó èyí tí ń pa ẹja, imú ènìyàn kì í sábà gbóòórùn rẹ̀. Mo ti rí omi dúdú bíi tíì tí ẹja ń ṣeré nínú rẹ̀, mo sì ti rí omi tí ènìyàn lè fẹ́ bù mu tí ẹja ń kú lọ nínú rẹ̀.

*

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n ti fún yín, n ó sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gbogbo ẹni tí bẹ́tà rẹ̀ bá ṣàìsàn ni ó ń gba ìmọ̀ràn mẹ́ta yìí.

Kápúsù. Àbúrò yín kò ní ọkàn búburú. Ilé wa náà ni a ti ń tú kápúsù sórí egbò nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n tetracycline kì í yọ amóníà kúrò nínú omi. Bí omi bá ń jó ẹja náà lára, iná náà yóò máa jó lọ lẹ́yìn kápúsù, oògùn náà sì lè ṣe àwọn bakitéríà díẹ̀ tí ó ń gbìyànjú láti dàgbà nínú asẹ́ yín léṣe. Ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá ni. Yàtọ̀ sí èyí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, oògùn apa-bakitéríà jẹ́ ohun tí dókítà ẹranko gbọ́dọ̀ kọ fún ni kí a tó rà á, nítorí náà orúkọ oògùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń dárúkọ kiri kò ní wúlò fún yín ní ilé ìtajà tòsí.

Iyọ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò burú tán, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Iyọ̀ kì í pa amóníà. Náítíráìtì ni iyọ̀ ń bá jà: náítíráìtì máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, a sì sọ ẹ̀jẹ̀ náà di aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá wà nínú omi, kò ní rọrùn fún un láti wọlé. Gíráàmù kan sí lítà kan ti tó. Àwọn kan ń bẹ̀rù iyọ̀ ìdáná nítorí áyódíìnì tí ó wà nínú rẹ̀; áyódíìnì náà kéré ju kí ó ṣe ẹja níbi lọ, ṣùgbọ́n èmi a máa ra iyọ̀ tí wọn kò fi ohunkóhun sí, kí àròyé lè tán. Ẹ rántí pé iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ. Ẹni tí ó bá ń dá iyọ̀ sí i nígbà gbogbo tí omi bá fà, láìpẹ́, omi òkun ni yóò máa sìn ín sí.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan." Èyí ni ó ń pa ẹja jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ẹ bá pààrọ̀ omi, ẹ ó da bakitéríà rere nù. Àwọn bakitéríà yìí kì í lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n lẹ̀ mọ́ fóòmù, mọ́ gíláàsì, mọ́ òkúta. Ìdajì omi lè jáde kí àwọn tí ó bá a lọ má tó nǹkan.

*

Bọ̀dá kan ní Sùúrùlérè takò mí gidigidi, mo sì fẹ́ràn bí ó ṣe takò mí. Ó ní inú ìgò gíláàsì tí kò tó lítà mẹ́ta ni òun ti ń sin bẹ́tà láti ọdún 2014, pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdánwò amóníà, pé òun kò ní asẹ́, òun kò ní hítà, ọ̀kan nínú wọn sì lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ òun. Ó ní àwa tí a wà lókè òkun ni a ń fi ọgbọ́n àgbọ́njù pa ẹja.

Mo ní kí ó sọ ìṣe rẹ̀ ojoojúmọ́ fún mi. Ó ní ní gbogbo àárọ̀, kí òun tó lọ síbi iṣẹ́, òun a máa fa omi kànga, òun a da omi àná nù, òun a sì bu tuntun sí i. Àlàyé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń da gbogbo omi nù lójoojúmọ́ kò nílò bakitéríà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni bakitéríà. Omi kànga rẹ̀ kò ní kílórìnì tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ. Yàrá rẹ̀ kì í tutù ju bẹ́tà lọ, Sùúrùlérè kò mọ ohun tí à ń pè ní oṣù kejì ní London. Ọ̀pọ̀ kànga ní Èkó ni omi wọn sì kan díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni amóníà kì í fi bẹ́ẹ̀ lóró nínú omi tí ó kan. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí tí ìyá ẹlẹ́ja ní. Bí ó bá gbé ìgò bọ̀dá yìí wá sí London láìgbé àárọ̀ rẹ̀ àti kànga rẹ̀ wá pẹ̀lú, ẹja náà kò ní pẹ́. Mi ò gbà pé ìgò yẹn fẹ̀ tó fún ẹja, mo sì sọ fún un, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

*

Kí ẹ má bàa rò pé omi nìkan ni mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣì ń dùn mí.

Bẹ́tà mi kejì pupa fòò. Ní òwúrọ̀ kan, mo rí àbàwọ́n funfun kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni gbé gàárì lé ẹṣin lẹ́yìn, etí àbàwọ́n náà sì rí wúruwùru bí òwú. Mo ti kà pé bí ẹja bá ní funfun lára, kí a mú omi gbóná. Mo yí hítà dé 30. Ní ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi àwọ̀n kékeré gbé e jáde.

Mo ti pa àìsàn méjì pọ̀ mọ́ra. Àmì tótòtó funfun tí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí hóró iyọ̀ ni èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń pè ní ich. Kòkòrò kan ni ó ń gbé abẹ́ awọ ẹja; bí ó bá gbó, a já bọ́ sí ìsàlẹ̀, a sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja mìíràn. Ìgbà tí àwọn ọmọ yìí ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan ni oògùn lè pa wọ́n. Ooru a máa mú kí wọ́n tètè já bọ́, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń mú omi gbóná, tí a kò sì fi ń dá oògùn dúró ní ọjọ́ tí àmì náà bá parẹ́. Ti èmi kì í ṣe ich. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní columnaris ni, òun a máa dà bí òwú tàbí gàárì, ooru sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi dáná fún un.

Tọ́ọ̀ṣì tí mo ní kí ẹ tàn, eruku wúrà ni ó wà fún. Àìsàn velvet a máa fara pamọ́ ní ojúmọmọ, àfi kí iná ti ẹ̀gbẹ́ bà á. Ìpẹ́ tí ó là sókè pẹ̀lú ikùn wíwú burú ju gbogbo wọn lọ. Èyí tí ó bá ti dé ibẹ̀ kì í sábà padà. Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú wọn, gbogbo ohun tí mo sọ nípa omi ṣì dúró, ṣùgbọ́n a ó tún ní ẹjọ́ mìíràn láti rò.

*

ÌYÁ ẸLẸ́JA PADÀ WÁ: Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Omi inú ìgò tín-ín-rín náà yẹ kí ó jẹ́ yẹ́lò bí kò bá sí amóníà, wọ́n ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò pé méjì tí ó ti di àwọ̀ ewé. 2 ni mo kà. Náítíráìtì, òdo. pH, 8. Témómítà, 19 ní aago mẹ́fà àárọ̀, nítorí pé a máa ń pa ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná lóru. Ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè kà á, ó sì pupa lábẹ́. Mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni òun ń fún un lóúnjẹ, "nítorí pé àwa náà ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta." Mo gbé ewéko oníke kúrò, mo rí oúnjẹ tí ó ti hu irun lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n sáré tan hítà?

*

Ẹ ṣe é, ìyẹn ni iṣẹ́ dókítà. Àwọn ohun méjì ni ó ń bá ẹja náà jà, wọ́n sì jọ ara wọn: òtútù àti amóníà. Ẹja tí òtútù mú nìkan a máa dákẹ́ jẹ́ẹ́, kì í jẹun, a sì máa mí wọ́ọ́rọ́. Èyí tí ó ń mí kíákíá, tí ibi tí ó fi ń mí pupa, omi ni ó ń jó o. Ti yín dùbúlẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú, ó sì ń mí bí ẹni tí èéfín wọ̀ nínú, nítorí náà mo gbà pé méjèèjì ni.

Ẹ má tíì tan hítà. Ètò rẹ̀ ṣe pàtàkì. Amóníà tí ẹ kà yẹn pín sí méjì nínú omi, apá kan lóró gan-an, èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ lóró, pH àti ooru ni ó sì ń pín in. Láti pH 7 sí 8, apá tí ó lóró a máa di ìlọ́po mẹ́wàá tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Omi ẹ̀rọ London jẹ́ omi líle, ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, 8 yín kò yà mí lẹ́nu. Bí ẹ bá wá fi ooru lé e nísinsìnyí, ẹ ó fi kún oró náà kí ẹ tó fi kún ìtura. Omi ni kí ó kọ́kọ́ jáde, kí ooru tẹ̀ lé e.

Ẹ fa lítà márùn-ún jáde báyìí, kí ẹ fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. 2 yóò di 1. Ní alẹ́, ẹ tún fa márùn-ún, 1 yóò sún mọ́ ìdajì. Omi tuntun tí ẹ óò dà sí i gbọ́dọ̀ ti gba oògùn apa-kílórìnì nínú korobá kí ó tó wọlé, kí ẹ sì ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí chloramine, ìyẹn kílórìnì tí a pò mọ́ amóníà, pẹ̀lú. Kílórìnì lásán a máa fẹ́ lọ bí omi bá dúró mọ́jú. Chloramine, tí ó wà nínú omi ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ibi ní London, kì í lọ, amóníà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, òru kan tí ẹ fi omi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ tí ẹ rò pé ó ṣe. Ẹ fi omi kẹ́tùrù díẹ̀díẹ̀ lọ́ omi korobá náà wọ́ọ́rọ́, kí ó lọ́ ju ti inú táńkì lọ díẹ̀, kí ẹ sì dà á wọlé pẹ̀lú ife, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo.

Bí ìyẹn bá ti parí lálẹ́, ẹ fi hítà kékeré sí i kí ó gbé omi lọ sí 25 tàbí 26 láàárín ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ àti oko ìrẹsì Tàílándì ni ẹja yìí ti wá, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba wọn fi kéde rẹ̀ ní ẹranko omi orílẹ̀-èdè ní ọdún 2019. 19 kì í ṣe ilé rẹ̀.

Láti ọ̀la, ẹ wọn amóníà lójoojúmọ́. Bí ó bá ti ju 0.25 lọ, ẹ pààrọ̀ ìdajì. Oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, hóró méjì mẹ́ta, kí ẹ sì yọ èyí tí kò bá jẹ. Ẹ sọ fún ọmọ pé ikùn ẹja náà kò tóbi ju ojú rẹ̀ lọ púpọ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tí táńkì rẹ̀ ti gbó tí ẹja rẹ̀ sì le, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó gé díẹ̀ nínú fóòmù asẹ́ rẹ̀ fún yín, kí ẹ gbé e wálé nínú omi, kì í ṣe gbígbẹ, kí ẹ sì tì í mọ́ ti yín. Ìyẹn lè gé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kúrò nínú ìdúró yín ju ìgòkígò tí wọ́n ń tà lọ.

*

Ẹnìkan béèrè pé ṣebí bẹ́tà ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi, kí ni omi burúkú lè fi í ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí bàbá mi.

Ìkòròdú ni bàbá mi ti sin àrọ̀ nínú ọ̀gbun onísìmẹ́ńtì mẹ́ta. Àrọ̀ náà ní ẹ̀yà ara tí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi bíi ti bẹ́tà, gbogbo ènìyàn ní àdúgbò sì máa ń sọ pé kò sí omi tí ó lè pa àrọ̀. Ní ọdún tí oúnjẹ ẹja wọ́n, ọmọkùnrin tí ń bá wa ṣiṣẹ́ da oúnjẹ púpọ̀ sí ọ̀gbun kejì ní ìrọ̀lẹ́ kan kí ẹja lè tètè tóbi kí a tà wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kẹta, wọ́n dúró gbọọrọ ní òró, gbogbo ẹnu wọn lójú omi, irùngbọ̀n wọn funfun, ara wọn ń yọ̀ bí ilá. Afẹ́fẹ́ wà lójú omi fún wọn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í gbé amóníà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ni ó ń gbé e, nígbà tí omi náà bá sì ti kún, kò sí ibi tí yóò gbà jáde. Bàbá mi kò ní ìgò ìdánwò. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí a ṣí omi náà sílẹ̀. A pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn.

*

Ẹlòmíràn tún béèrè nípa ewé tí àwọn ará Tàílándì ń fi sínú omi bẹ́tà. Ewé yẹn kò jìnnà sí wa rárá. Igi furúùtù tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé ni, èyí tí a máa ń sọ ní òkò tí a sì ń fi òkúta fọ́ èkùrọ́ inú rẹ̀ jẹ. Ewé rẹ̀ tí ó ti pupa tí ó sì gbẹ a máa sọ omi di aláwọ̀ tíì, bẹ́tà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè ran egbò kékeré lọ́wọ́. Ní London, wọ́n ń ta ohun tí a ń gbá dànù yìí ní owó gidi. Ẹ lè fi ọ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò mú pH 8 yín sọ̀kalẹ̀. Ẹfun inú omi yín le ju ewé kan lọ. Kò sì yọ amóníà.

*

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ọjọ́ kẹrin nìyí lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀. Ó ti gòkè wá sí ojú omi lánàá, ó jẹ hóró kan lónìí. Amóníà 0.5, mo tún pààrọ̀. Ṣùgbọ́n etí lẹbẹ ìrù rẹ̀ ti fà ya. Ṣé ìjẹrà lẹbẹ ni? Ṣé mo lè ra oògùn nísinsìnyí?

*

Ẹ tún wo etí náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá dúdú, tàbí tí ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń sún mọ́ ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ìjẹrà ni. Bí etí náà bá ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí iná ń gbà á kọjá bíi ọ̀rá, lẹbẹ tuntun ni ó ń hù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, ẹ tún yà á ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, láti ibì kan náà, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú wa a máa parọ́ fún wa nípa ẹja tí a ń wò lójoojúmọ́.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ gbé e lọ sínú ife pẹ̀lú oògùn búlúù "kí ó lè sinmi". Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni ẹ óò tún fi òtútù àti omi kékeré dẹ́rù bà.

*

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Etí náà kò ní àwọ̀, ó mọ́ gaara, ó sì ti gùn sí i. Amóníà ti di òdo láti ìjẹrin, ṣùgbọ́n náítíráìtì ti di 0.5, ẹ̀rù tún bà mí. Ọmọ ní kí n kí yín.

*

Ẹ kí i padà fún mi. Ẹ̀rù yẹn kò pọn dandan. Ẹgbẹ́ bakitéríà àkọ́kọ́ ti gba iṣẹ́, ẹgbẹ́ kejì ni a ń retí. Àkókò iyọ̀ aládùúgbò yín ti tó báyìí: gíráàmù mẹ́wàá fún lítà mẹ́wàá yín, kí ẹ yọ́ ọ nínú omi lóde kí ẹ tó dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá fa lítà márùn-ún jáde, gíráàmù márùn-ún nìkan ni ẹ óò dá padà. Ẹ máa pààrọ̀ ìdajì lọ títí náítíráìtì yóò fi di òdo tí yóò sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ìrànlọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ kan lè tó o, bí náítíréètì kò bá ga.

Fóòmù asẹ́ yóò ti máa dọ̀tí nígbà náà. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi láéláé. Inú omi tí ẹ bá fà jáde láti inú táńkì ni kí ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ sì dá a padà pẹ̀lú ìdọ̀tí díẹ̀ lára. Kí ẹ sì máa yọ hítà kúrò lára iná kí ẹ tó fa omi. Bí omi bá lọ kúrò lára gíláàsì rẹ̀ nígbà tí ó ń gbóná lọ́wọ́, ó lè sán.